Kí Ẹ Tó Yọ Fèrèsé Àtijọ́: Ìwé Tí Onílé Gbọ́dọ̀ Ní ní England

Nígbà tí mo fẹ́ ta ilé tí mo kọ́kọ́ rà ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ìbéèrè kan péré ni lọ́yà ẹni tó fẹ́ rà á bi mí nípa àwọn fèrèsé iwájú: ìwé ẹ̀rí wọn dà? Àwọn fèrèsé náà dára. Wọn kì í jò, atẹ́gùn kì í gba ẹ̀gbẹ́ wọn wọlé. Ará ìjọ wa kan ló júwe ẹni tó ṣe é fún mi. Mo kówó lé e lọ́wọ́, ó fi ọjọ́ 2 ṣiṣẹ́, ó gbá ẹ̀rún gíláàsì nílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. N kò bèèrè ìwé, òun náà kò dárúkọ ìwé. Àìsí ìwé yẹn ló wá dá títa ilé dúró fún odidi ọ̀sẹ̀ 6. Ìdúró kò sí, ìbẹ̀rẹ̀ kò sí, díẹ̀ ló kù kí ẹni tó fẹ́ rà á yí ọkàn padà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹ̀yin ará wa tí ẹ nílé ní England. Ẹni tó bá wà ní Scotland, òfin ibẹ̀ yàtọ̀, kí ó bi káńsù rẹ̀. Ní tèmi, fèrèsé tí kò tíì ní ìwé, iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì parí, bó ti wù kó máa dán tó.

Àṣẹ méjì ni, ẹ má pa wọ́n pọ̀

Nílé lọ́hùn-ún, ẹni tó fẹ́ kọ́lé ni a mọ̀ pé ó ń wá ìwé àṣẹ lọ. Bí èèyàn bá fẹ́ yọ fèrèsé lúfà kó fi èyí tó ń sún sí i, oníṣẹ́ alumíníọ̀mù ló máa pè, ó parí. Níbí, òfin bá fèrèsé náà wọ inú yàrá.

Àkọ́kọ́ ni planning permission. Ojú tí ilé fi ń wo ìta ló kan ìyẹn. Ọ̀pọ̀ ilé tó dá dúró, tàbí tó fara ti ẹnìkejì rẹ̀ lójú pópó, ni kò nílò rẹ̀, bí fèrèsé tuntun bá ṣáà ti jọ ti tẹ́lẹ̀. Èkejì ni Building Regulations. Iná, afẹ́fẹ́, òtútù àti gíláàsì tó lè gé ọmọ lẹ́sẹ̀ ni ìyẹn ń wò. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2002 ni pípààrọ̀ fèrèsé ti wà lábẹ́ rẹ̀, kò sì yọ ilé ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ ni pé wọ́n á gbọ́ lẹ́nu aládùúgbò pé “o ò nílò planning,” wọ́n á rò pé gbogbo rẹ̀ ti tán.

Bí ó bá jẹ́ pé bọ́ọ̀lù ló fọ́ gíláàsì, tí ẹ kàn fi gíláàsì mìíràn sínú férémù àtijọ́, àtúnṣe nìyẹn, kò ní wàhálà. Ìgbà tí gbogbo férémù bá jáde lára ògiri ni òfin wọlé.

Ọ̀nà tí ìwé ń gbà dé ọwọ́ yín

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí ẹ lo ilé-iṣẹ́ tó wà nínú ẹgbẹ́ tí ìjọba fọwọ́ sí pé ó lè jẹ́rìí sí iṣẹ́ ara rẹ̀. FENSA ni orúkọ tí gbogbo èèyàn mọ̀. CERTASS náà wà. Bí iṣẹ́ bá parí, ilé-iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ fi tó wọn létí láàárín ọjọ́ 30. Káńsù á gbọ́, ìwé ẹ̀rí á sì dé ọwọ́ yín. Ẹ kò ní lọ síbì kankan.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi àmì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Kí ẹ tó san owó àsansílẹ̀, ẹ fúnra yín lọ sí ojú ìwé FENSA tàbí CERTASS lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tẹ orúkọ ilé-iṣẹ́ náà bó ṣe wà lórí ìwé iye owó tí wọ́n fún yín. Bí orúkọ tó jáde bá yàtọ̀ sí ti orí ìwé, ẹ béèrè ìdí. Kí ó sì wà ní kíkọ sínú àdéhùn pé wọ́n máa forúkọ iṣẹ́ náà sílẹ̀, àti pé owó rẹ̀ wà nínú owó tí ẹ san.

Bí ẹni tí ẹ fẹ́ lò kò bá sí nínú ẹgbẹ́ kankan, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Káfíńtà tó mọṣẹ́ dunjú pọ̀ nínú àwọn ará wa tí wọn kò forúkọ sílẹ̀. Àmọ́ ẹ̀yin ló máa wá lọ sí Building Control ní káńsù yín kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi ìwé tí wọ́n ń pè ní building notice sílẹ̀, kí ẹ sì san owó àyẹ̀wò. Owó yìí yàtọ̀ láti káńsù sí káńsù, ó wà lórí ojú ìwé wọn. Ayẹ̀wòṣẹ́ á wá, bí ó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ẹ ó gba ìwé ìparí iṣẹ́. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá gbowó tó kéré ju ti ilé-iṣẹ́ tó wà nínú ẹgbẹ́ lọ, ẹ fi owó káńsù lé tirẹ̀ kí ẹ tó fi wọ́n wéra. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀dínwó náà á ti pòórá. Ẹ sì má gbàgbé pé bí ìwé kò bá sí, onílé ni káńsù máa kọ̀wé sí.

Ohun tí wọ́n ń wò, kí ẹ̀yin náà lè wò ó

Ẹ mú téèpù, ẹ wọ yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹ ṣí fèrèsé náà títí dé òpin. Àyè tó ṣí ni kí ẹ wọ̀n, ẹ má wọn férémù. Fèrèsé tí èèyàn lè bá sá jáde nígbà iná gbọ́dọ̀ ní àyè tó tó 0.33 m². Ìbú rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní sẹ̀ǹtímítà 45, òró rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní 45, ìsàlẹ̀ ibi tó ṣí kò sì gbọdọ̀ ga ju sẹ̀ǹtímítà 110 lọ láti ilẹ̀ yàrá. Ẹ fiyè sí ìṣirò náà o: 45 lọ́nà 45 kò tó, nítorí 0.2 m² ni. Bí ìbú bá jẹ́ 45, òró gbọ́dọ̀ tó 74. Bí fèrèsé àtijọ́ bá ṣeé gbà jáde, tuntun kò gbọdọ̀ dí ọ̀nà yẹn.

Mo tẹnu mọ́ ọn nítorí pé mo ti wọ ilé tí wọ́n ti ná owó rẹpẹtẹ sórí fèrèsé, tó jẹ́ pé ihò pẹlẹbẹ kan lókè nìkan ló ń ṣí nínú yàrá àwọn ọmọ. Ó rẹwà lójú, atẹ́gùn ń wọlé. Bí èéfín bá ti kún orí àtẹ̀gùn ní aago 2 òru, ibo ni ọmọ ọdún 9 yóò gbà? Ẹ sì wo ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́. Àwa a máa ń tì í nítorí olè, kọ́kọ́rọ́ á wà nínú dúrọ́ọ̀ ní kíṣìnì. Kí kọ́kọ́rọ́ yàrá wà nínú yàrá yẹn, níbi tí ọwọ́ àgbà tó o.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ tẹ̀ lé e, èyí sì kan àwa gan-an. Ẹni tó ń se ẹ̀wà fún wákàtí 2, tó ń bọ ẹran, tó ń ro àmàlà, tó ń sá aṣọ sínú ilé nígbà òtútù, omi pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ ilé rẹ̀. Fèrèsé àtijọ́ tó ń mì ń jẹ́ kí omi yẹn jáde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Tuntun á tì pinpin, ìrì á bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ̀ sójú gíláàsì láàárọ̀, igun ògiri lẹ́yìn wọ́dúróòbù á bu, á dúdú, àyà ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í han. Ìdí nìyẹn tí òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún 2022 fi sọ pé fèrèsé tuntun kò gbọdọ̀ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ilé burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní ìdérí lókè férémù, tí wọ́n ń pè ní trickle vent, ni wọ́n sábà máa ń fi yanjú rẹ̀: 8,000 mm² fún yàrá, pálọ̀ àti kíṣìnì, 4,000 mm² fún balùwẹ̀. Bí fèrèsé àtijọ́ bá ti ní in, tuntun gbọ́dọ̀ ní in. Àwọn onílé kan a máa bẹ òṣìṣẹ́ pé kó má lu ihò yẹn, pé òtútù á wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ó lù ú.

Gíláàsì tó bá wà nísàlẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 80 láti ilẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí kì í fọ́ sí ṣóńṣó ẹnu ọ̀bẹ. Lára ilẹ̀kùn, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ dé sẹ̀ǹtímítà 150, àti gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn tí kò jìnnà sí i ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ. Ẹ wo igun gíláàsì náà dáadáa: àmì kékeré kan máa ń wà níbẹ̀ tí kò ṣeé fọ̀ kúrò. Bí kò bá sí, kí wọ́n má tíì kúrò nílé yín.

Ti òtútù kò gùn: fèrèsé tuntun gbọ́dọ̀ dé ipò B lórí àtẹ agbára, tàbí kí U-value rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n bí ooru ṣe ń gba ara fèrèsé jáde, má ju 1.4 lọ. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé iye owó.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú àwọn ilé àtijọ́ bí irú èyí tó kún Peckham àti Camberwell, tí fèrèsé iwájú wọn yọ ikùn síta, ẹ ṣọ́ra. Òpó tó wà láàárín fèrèsé bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ òun ló gbé yàrá òkè dúró. Bí wọ́n bá yọ ọ́ tí wọn kò fi irin tàbí ohun mìíràn gbé ẹrù náà, ògiri òkè á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ ó rí i lára ilẹ̀kùn tí kò ní tì mọ́. Ẹ béèrè ohun tí yóò gbé ẹrù náà kí wọ́n tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Bí ẹ bá sì fẹ́ fẹ ojú fèrèsé, Building Control gbọ́dọ̀ mọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ti di ti líńtẹ̀lì.

Ibi tí planning permission ti wọlé

Fúláàtì ni àkọ́kọ́. Òmìnira tí ilé ní láti pààrọ̀ fèrèsé láìgba àṣẹ, fúláàtì kò ní in. Bí ìrísí rẹ̀ lóde bá máa yí padà ní ọ̀nà tó hàn, ẹ gbọ́dọ̀ kọ̀wé. Èkejì ni àdúgbò tí wọ́n ń dáàbò bo ìrísí rẹ̀, pàápàá ibi tí káńsù ti gbé àṣẹ tó ń jẹ́ Article 4, tó ń gba òmìnira yẹn kúrò, kalẹ̀. Níbẹ̀, àtifi oníke rọ́pò fèrèsé onígi lè nílò àṣẹ. Ẹ tún ṣọ́ fèrèsé òkè tó bá dojú kọ ẹ̀gbẹ́ ilé aládùúgbò: gíláàsì rẹ̀ kò gbọdọ̀ hàn gbangba, kò sì gbọdọ̀ ṣí nísàlẹ̀ mítà 1.7 láti ilẹ̀ yàrá, àfi bí ẹ bá gba àṣẹ.

Ilé tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí ilé àjogúnbá, tí wọ́n ń pè ní listed building, le jù. Ẹjọ́ ọ̀daràn ni láti yọ fèrèsé rẹ̀ láìgba listed building consent, àkókò kì í sì í pa ẹjọ́ náà rẹ́. Ìwé ìbéèrè rẹ̀ kò ní owó, ọ̀sẹ̀ 8 ni wọ́n fi ń dáhùn. Orí Planning Portal ni ẹ ti máa fi í ránṣẹ́.

Ẹni tó ra fúláàtì ní leasehold, ìyẹn fún iye ọdún kan lábẹ́ àdéhùn pẹ̀lú onílẹ̀, ẹ ka ìwé àdéhùn yín kí ẹ tó pe oníṣẹ́. Ó lè jẹ́ pé tiyín ni gíláàsì, kí férémù jẹ́ ti onílẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ kò lè fọwọ́ kàn án láìgba ìyọ̀ǹda rẹ̀ ní kíkọ. Bí ó bá sì jẹ́ onílẹ̀ ló fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, tí owó tó máa kan yín ju £250 lọ, òfin ní kí ó kọ̀wé sí yín kí ó gbọ́ tẹnu yín kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ dá ìwé yẹn lóhùn.

Ilé tó ga tó mítà 18 tàbí tó ní àjà 7 ti kúrò lọ́wọ́ káńsù, ó ti di ti Building Safety Regulator, àjọ tó ń bójú tó ààbò ilé gíga. Èèyàn 72 ló kú nínú iná Grenfell Tower ní oṣù kẹfà ọdún 2017. Ìgbìmọ̀ ìwádìí sọ pé ó jọ pé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kíṣìnì, níbi tí oníke ti yọ́, ni iná gbà bọ́ sí ara ògiri ìta. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ fèrèsé ilé náà ni.

Bí iṣẹ́ ti ṣe tán tí kò sí ìwé

Ẹ kọ́kọ́ wá àdírẹ́sì yín lórí ojú ìwé FENSA. Ó ṣeé ṣe kí ìwé wà tí ẹni tó ta ilé fún yín ti sọ nù. Ẹ lè ra ẹ̀dà mìíràn. Bí kò bá sí rárá, káńsù lè fún yín ní regularisation certificate, ìyẹn ìwé ẹ̀rí fún iṣẹ́ tó ti ṣe tán láìgba àṣẹ, lẹ́yìn àyẹ̀wò, wọ́n sì lè ní kí ẹ tún ibi tí kò tọ́ ṣe. Ọ̀nà kejì ni ìbánigbófò tí lọ́yà máa ń rà fún ẹni tó fẹ́ ra ilé. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: bí ẹ bá ti pe káńsù nípa fèrèsé náà, ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò lè kọ̀. Ẹ bi lọ́yà yín kí ẹ tó gbé fóònù. Ìbánigbófò sì ń tọ́jú owó nìkan. Kì í ṣí fèrèsé fún ọmọ.

Ẹ má purọ́ sínú fọ́ọ̀mù TA6 tí ẹni tó ń ta ilé ń kún. Ó béèrè ní tààrà bóyá ẹ ti pààrọ̀ fèrèsé láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2002.

Nígbà tí ìwé bá dé, ẹ wò ó bóyá àdírẹ́sì àti iye fèrèsé tó wà nínú rẹ̀ pé. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ àti àmì tó wà nígun gíláàsì, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí íméèlì ara yín, kí ẹ fi póòsìkóòdù ilé ṣe àkọlé rẹ̀ kó lè yá láti wá. Ti bébà gan-an, inú fáìlì kan náà pẹ̀lú ìwé ilé ni kó wà.