Ọtí ọkà bàbà alátaare: bí a ṣe ń pọn ọtí ọdún nígbà ọyẹ́

Bí ọyẹ́ bá ti dé Ṣábẹ, tí ètè bẹ̀rẹ̀ sí í bó, tí eruku bo àwọn àpáta ńlá ìlú wa láàárọ̀ débi pé òjìji wọn nìkan là ń rí, mo mọ̀ pé àkókò ọtí ọdún ti tó. Ìyá mi máa ń sọ pé ọyẹ́ ló ń bá ẹni tó ń pọntí ṣiṣẹ́. Òótọ́ ni. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ yẹn máa ń gbẹ ọkà tó hù kó tó bu, òru tó tutù kì í sì í jẹ́ kí ọtí tó ti dé ojú àmì yára kan.

Ọtí tí mò ń sọ ni èyí tí gbogbo orílẹ̀-èdè Benin wa mọ̀ sí tchakpalo, ọtí ọkà bàbà tó pupa rúsúrúsú. Ní apá òkè, ní Parakou àti Natitingou, tchoukoutou ni wọ́n ń mu. Tiwọn kan ju tiwa lọ, tiwa dùn ju tiwọn lọ. Èyí tí a máa pọn níbí, ti ọdún ni, kì í ṣe ti ọjà ojoojúmọ́.

Ọ̀dọ̀ àwọn ará ìlú òtútù ni mo ti kọ́ pé ó yẹ kí ọdún ní ọtí tirẹ̀. Àwọn tó fẹ́ràn bíà ilé iṣẹ́ kéékèèké lọ́hùn-ún máa ń fi gbogbo ọdún retí àwọn kan tí kì í jáde àfi lásìkò Kérésì. Ní Austria, ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́dún, ìyẹn 6 Oṣù Kejìlá tó jẹ́ ọjọ́ Nicholas Mímọ́, ni wọ́n ń pọn Samichlaus. Ó máa ń lò tó oṣù mẹ́wàá nínú àgbá kí wọ́n tó rọ ọ́ sínú ìgò, ọtí líle inú rẹ̀ sì tó 14 nínú 100. Àwọn ará Belgium ní St. Bernardus Christmas Ale tiwọn, 10 nínú 100. Ní San Francisco, ilé iṣẹ́ bíà Anchor bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 1975. Ọdọọdún ni wọ́n ń yí àdàlù rẹ̀ padà, tí wọ́n sì ń ya igi mìíràn sára ìgò, títí ilé iṣẹ́ náà fi tì ní 2023. Adùn wọn ò dọ́gba, síbẹ̀ ẹbí ni wọ́n: wọ́n le ju ti ojoojúmọ́, àwọ̀ wọn ṣú, ọ̀pọ̀ nínú bíà òtútù sì máa ń ní òórùn kànáfùrù, ata ilẹ̀ tàbí èèpo ọsàn.

Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ataare. Láyé àtijọ́, àwọn ará Yúróòpù ń fi ataare sí bíà. Etíkun ilẹ̀ adúláwọ̀ ni wọ́n ti ń kó o, òun ni wọ́n sì torí rẹ̀ pe etíkun Liberia ní Etíkun Hóró. Ní 1816, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kà á léèwọ̀ fún ẹnikẹ́ni tó ń pọn bíà láti ní in lọ́wọ́. Lónìí, àwọn tó ń pọn bíà ní Belgium àti Amẹ́ríkà tún ń lò ó. Àwa rèé tí a ń jẹ ataare níbi ìsọmọlórúkọ, tí a fi ń ṣàdúrà, nílé wa kò sì sẹ́ni tó fi sí ọtí ọkà rí kí èmi tó bẹ̀rẹ̀. Ó dùn mí nígbà tí mo mọ̀. Láti ìgbà náà, ọtí ọdún mi kì í wà láìsí ataare.

Ohun tí ẹ máa wá

Ọkà bàbà pupa kìlò mẹ́fà, kí ó lè ku bíi márùn-ún lẹ́yìn tó bá hù tó sì gbẹ. Oyin gidi, ìdajì kìlò. Orí ataare kan, èso èèrù mẹ́rin, ata ilẹ̀ tó tó àtàǹpàkò méjì, èèpo ọsàn méjì tí ẹ ti sá gbẹ. Ìkòkò ńlá méjì, asẹ́, àpò mímọ́, àti aṣọ funfun tí ẹ máa fi bo ìkòkò, torí eruku ọyẹ́ kì í dá ẹnikẹ́ni sí. Bí ẹ bá fẹ́ mu ún ní alẹ́ 24 Oṣù Kejìlá, ẹ rẹ ọkà sómi ní ọjọ́ 12.

Ẹ dán ọkà wò kí ẹ tó rẹ ẹ́

Ọkà tuntun ń wọ ọjà lásìkò yìí, ó sì máa ń fani mọ́ra. Ẹ má rà á fún ọtí. Ọkà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lóko ṣì ń sùn, kì í hù dáadáa. Ti ọdún tó kọjá ló dára. Ẹ ka ọgọ́rùn-ún hóró, ẹ fi wọ́n sáàárín aṣọ tútù fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí àádọ́rùn-ún bá hù, ẹ máa bá a lọ. Bí kò bá tó ọgọ́rin, ẹ fi ṣe ẹ̀kọ. Ẹ bi ẹni tó tà á bóyá irúgbìn tí wọ́n ti fi oògùn kòkòrò pò ni. Irú bẹ́ẹ̀, ẹ má fẹnu kàn án rárá, ì báà jẹ́ pé ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá.

Rírẹ àti mímú un hù

Ẹ fọ ọkà títí omi rẹ̀ á fi mọ́, kí ẹ rẹ ẹ́ láti ìrọ̀lẹ́ di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ẹ máa pààrọ̀ omi náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ró o gbẹ, ẹ tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí àpò sílẹ̀ nínú yàrá, ẹ da ọkà lé e, kó nípọn tó ìka mẹ́ta, ẹ fi àpò tútù bò ó. Láàárọ̀ àti lálẹ́ ni a ń wọ́n omi sí i nígbà òjò, ṣùgbọ́n nígbà ọyẹ́, ẹ fi ti ọ̀sán kún un, torí afẹ́fẹ́ á ti fa omi náà gbẹ. Ẹ máa fọwọ́ yí i padà kó má baà gbóná láàárín. Òórùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ dà bíi ti koríko tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Bí ẹ bá rí ibi tó hu funfun tàbí dúdú bíi òwú, ẹ da gbogbo rẹ̀ nù, ẹ má ṣà á.

Ní ọjọ́ kẹta, ẹ ó rí i pé èéhù ti gùn ju hóró lọ díẹ̀. Ó tó.

Gbígbẹ, àti ọ̀rọ̀ èéhù

Ẹ sá a sí oòrùn fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta títí tó máa fi máa dún ṣákáṣáká bí ẹ bá gbọ̀n ọ́n. Ọdún àkọ́kọ́ tí mo dá pọntí, mo kánjú, mo gbé ọkà lọ sílé ẹ̀rọ nígbà tí inú rẹ̀ ṣì tutù. Ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, ọtí yẹn sì rùn bí aṣọ tí kò gbẹ. Mo dà á nù lójú gbogbo ilé.

Tó bá ti gbẹ, ẹ fọwọ́ ra á títí èéhù àti gbòǹgbò á fi já, ẹ fẹ́ wọn nù. Ẹ má fojú kéré èyí. Èéhù ọkà bàbà ní irú májèlé tó wà nínú gbáàgúdá kíkorò. Rírá a nù àti sísè pípẹ́ ni ó ń mú un kúrò. Ìdí nìyí tí a kì í fi í jẹ ọkà bàbà tó hù ní tútù, tí a kì í sì í da èéhù náà fún ewúrẹ́.

Ẹ bu ìdajì kìlò nínú ọkà náà, ẹ yan án nínú agbada gbígbẹ títí yóò fi dúdú díẹ̀, tí ilé á máa ta sánsán bí àgbàdo yíyan. Òun ló máa fún ọtí ní àwọ̀ ọdún. Ẹ má yan jù bẹ́ẹ̀ lọ: iná ń pa agbára tó wà nínú ọkà híhù, agbára yẹn la sì máa lò láìpẹ́. Kí ẹ̀rọ lọ gbogbo rẹ̀ pọ̀ kó rí bíi gaàrí, kì í ṣe bí ẹ̀lùbọ́. Ẹ bẹ ẹni tó ni ẹ̀rọ kó fi ọkà mìíràn lọ̀ ọ́ ṣáájú, pàápàá tó bá jẹ́ pé ata ló lọ̀ kẹ́yìn.

Omi orí: ibi tí ọtí ti ń dùn

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń bá ibí yìí bà á jẹ́, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

Bí ọkà ṣe ń hù, ó ń dá èròjà kan sílẹ̀ tó lè sọ ìyẹ̀fun di ṣúgà. Láìsí ṣúgà, kò sí ọtí. Èròjà náà ń yọ́ sínú omi, iná tó pọ̀ sì ń pa á. Ìyẹ̀fun ọkà bàbà ní tirẹ̀ le, kì í tú àfi kó hó. Ìkan ń sá fún iná, ìkejì ń wá iná. Àwọn ìyá wa ti rí ọ̀nà àbáyọ tipẹ́: wọ́n ń ya wọ́n sọ́tọ̀, wọ́n á sì tún pa wọ́n pọ̀.

Ẹ po ìyẹ̀fun náà mọ́ omi tútù lítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí ẹ bá ní ilá, ẹ gún díẹ̀, ẹ fi omi rẹ̀ tó ń yọ̀ sí i. Ó ń jẹ́ kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tètè sọ̀ kalẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan. Ẹ rọra bu omi orí rẹ̀ bí a ṣe ń bu ti ògì, bíi lítà méje, ẹ gbé e sí ibi tútù. Èròjà wa wà níbẹ̀. Ẹ gbé èyí tó ki kaná, ẹ máa rò ó, kó hó fún odindi wákàtí kan. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ wá da omi orí padà sórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kí ó gbóná débi tí ọwọ́ ò fi lè wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kó má hó. Ẹni tó bá ní ohun tí a fi ń wọn ooru, kó wá 65 ti Celsius. Ẹ fi aṣọ wé ìkòkò náà, ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí méjì.

Ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó wé e, kí ẹ tún tọ́ ọ wò lẹ́yìn wákàtí méjì. Ẹ̀kọ tí kò lójú tẹ́lẹ̀ á ti di aládùn, á sì ti ṣàn. Títí di òní, tí mo ti pọn ọtí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìyípadà yẹn ṣì máa ń mú orí mi wú.

Sísẹ́, sísè àti ataare

Ẹ sẹ́ ẹ. Bí èérí bá gbẹ jù, ẹ fi omi gbígbóná lítà mẹ́ta sí mẹ́rin fọ̀ ọ́, kí ẹ tún un sẹ́. Ẹlẹ́dẹ̀ á fi ìyókù jẹun. Ẹ bo omi ọtí náà mọ́jú kó fi kan díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó dùn lè sè é lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ gbé e kaná kó hó fún wákàtí méjì sí mẹ́ta, láìdé ìkòkò. Yóò dín kù, yóò sì nípọn. Omi tó bá lọ ló ń mú kó le. Ẹ máa gbọ́n ìfóòfó orí rẹ̀ nù.

Ataare ò gbọ́dọ̀ pẹ́ lórí iná. Ẹ bó o, ẹ gún hóró rẹ̀ pẹ̀lú èèrù àti ata ilẹ̀, ẹ dì wọ́n sínú aṣọ pẹ̀lú èèpo ọsàn, ẹ jù ú sí i nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tí ẹ bá sọ ìkòkò kalẹ̀, ẹ yọ aṣọ náà, ẹ po oyin pọ̀ mọ́ ọn. Mo ti fi kànáfùrù dánwò. Ó bo ohun gbogbo mọ́lẹ̀, mi ò sì fi sí i mọ́. Orí ataare kan tó. Ọtí ọdún yẹ kó ta lọ́nà ọ̀fun lẹ́yìn tí ẹ bá gbé e mì, kì í ṣe lórí ahọ́n.

Ìwúkàrà

Ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun. Ẹ tọrọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ife kan lọ́wọ́ ìyá tó pọntí lánàá, èyí tí àwọn ará òkè ń pè ní kpete-kpete, ẹ pò ó mọ́ ọn. Bí kò bá sí, ìwúkàrà búrẹ́dì ṣíbí kékeré kan tó. Ẹ bò ó, ẹ má fi ọmọrí dé e pa. Nínú ooru, kò ju wákàtí méjìlá lọ. Nínú òtútù ọyẹ́, ó lè tó ọjọ́ kan, ẹ sì lè fi aṣọ wé ìkòkò lóru. Bí ìfóòfó rẹ̀ bá ti ń rọlẹ̀, ó ti tó mu.

Ẹni tí kì í mu ọtí, kó bu tirẹ̀ kí ẹ tó fi ìwúkàrà sí i, kó sì mu ún lọ́jọ́ yẹn.

Ìgò ike ni kí ẹ rọ ọ́ sí, ẹ fi àyè sílẹ̀ lókè, ẹ má dé e le. Ó ṣì ń hó nínú ìgò. Lọ́dún kan, mo rọ ìgò aláwo mẹ́fà fún ẹ̀gbọ́n mi ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), mo dé wọn pa. Mọ́tò ò tíì dé Bohicon tí èkíní fi bú gbàmù, tí ọtí sì ta sára àwọn èrò. Ọlọ́run ló yọ wá tí àwo ò fi gún ẹnikẹ́ni lójú.

Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni adùn rẹ̀ ń pé. Igbá ni kí ẹ fi mu ún, torí inú igbá ni òórùn ataare ti ń jáde dáadáa. Wàgáṣì díndín tí àwọn obìnrin Fúlàní ń tà bá a mu ju ohunkóhun tí mo tíì tọ́ wò. Ó rọrùn lẹ́nu ju bó ṣe lágbára lọ, nítorí náà ẹni tó máa gun zémijàn (ọ̀kadà) délé kò gbọ́dọ̀ mu ún.

Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó bá kù nísàlẹ̀ ìkòkò, ẹ fi sínú igbá mímọ́, ẹ fi aṣọ bò ó, kó wà níbi tútù. Bí ẹ bá ti rẹ ọkà kejì sómi ní ọjọ́ 19, òun ni ẹ máa fi pọn ti alẹ́ ọjọ́ 31.