Ọ̀tún ni òkúta wà, òsì ni wọ́n kọ sínú èsì: bí mo ṣe gba àtúnṣe èsì CT ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló ń dun ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀tún ni dókítà kọ sínú fọ́ọ̀mù tó fi rán wa lọ síbi àyẹ̀wò. Ọ̀tún ni síkáànù, èyí tí wọ́n ń fi jẹ́ẹ̀lì pa síni níkùn, ti sọ ṣáájú. Ọ̀tún náà ni àwòrán CT, ìyẹn ẹ̀rọ X-ray tó ń ya inú ara ní wẹ́wẹ́, fi hàn gbangba. Àfi èsì tí wọ́n tẹ̀, tí wọ́n lu ní òǹtẹ̀, tí wọ́n kó sínú àpòòwé fún wa: òsì ni wọ́n kọ síbẹ̀. Dókítà tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ náà ní Ṣàgámù ka ìwé, ó gbé fíìmù sókè wò ó, ó ní òun kò ní fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni títí ìwé àti àwòrán á fi sọ ohun kan náà. Ó tọ̀nà, mi ò bá a jà. Ilé àyẹ̀wò tó kọ ìwé yẹn ní Ìjẹ̀bú-Òde ni inú ń bí mi sí, torí pé nígbà tí a padà dé ọ̀dọ̀ wọn, owó CT tuntun ni wọ́n ní ká lọ san.

Òkúta yìí tó mìlímítà 11. Ó há sójú ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà sọ̀ kalẹ̀ láti inú kíndìnrín, kíndìnrín sì ti ń wú nítorí ìtọ̀ tí kò rọ́nà lọ. Òkúta tí kò bá tó mìlímítà 5 sábà máa ń bá ìtọ̀ jáde fúnra rẹ̀. Èyí tó bá ti kọjá 10, ó ṣọ̀wọ́n kó jáde láìjẹ́ pé wọ́n wọlé lọ yọ ọ́. Kíndìnrín tó bá sì pẹ́ nínú wíwú, agbára rẹ̀ á máa dín kù. Ìdí nìyí tí gbogbo ìdádúró tó tẹ̀ lé e fi dùn mí.

Bí wọ́n ṣe ń gba káàdì, bí wọ́n ṣe ń sanwó, bí wọ́n ṣe ń bọ́ aṣọ wọ gáùn, mi ò ní fi ìyẹn gba àkókò yín. Ohun méjì ni mo fẹ́ fà yọ níbi yíyà àwòrán.

Àkọ́kọ́, CT tí wọ́n fi ń wá òkúta kò nílò oògùn tí wọ́n ń fún sínú iṣan. Funfun ni òkúta máa ń hàn nínú CT, funfun náà sì ni oògùn yẹn tó bá dé ojú ọ̀nà ìtọ̀, á wá bo òkúta mọ́lẹ̀. Bí kàùńtà bá ká owó oògùn mọ́ owó yín, ẹ ní kí wọ́n fi ibi tí dókítà ti kọ ọ́ hàn yín nínú fọ́ọ̀mù. Tiwa, wọ́n ti kọ ọ́ sí rìsííìtì kí n tó ní kí wọ́n yọ ọ́. Wọ́n tún ti ní kí ẹ̀gbọ́n mi má jẹun láti alẹ́, àgbàlagbà tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, lórí àyẹ̀wò tí kò béèrè ààwẹ̀ rárá. Síkáànù ikùn tí wọ́n fi ń wo ẹ̀dọ̀ àti àpò òróòro ni wọ́n ń gbààwẹ̀ wákàtí 6 sí 8 fún, kí àpò òróòro lè kún. Fún síkáànù kíndìnrín àti àpò ìtọ̀, omi ni ẹ máa mu: pure water méjì, ìyẹn líta kan, ní wákàtí kan ṣáájú, kí ẹ má sì tọ̀ títí wọ́n á fi pè yín. Fún CT òkúta, ẹ mu gààrí yín kí ẹ tó jáde nílé.

Èkejì ni sìídìì. Fíìmù ńlá tí wọ́n ń kó lé èèyàn lọ́wọ́, ínṣì 14 níbùú, 17 lóròó, àwòrán wẹ́wẹ́ bíi mélòó kan ni wọ́n ṣà sórí rẹ̀. CT fúnra rẹ̀ lè ju ọgọ́rùn-ún mẹ́ta àwòrán lọ. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bèèrè bóyá wọ́n á kọ gbogbo rẹ̀ sórí sìídìì tàbí fíláàṣì ní DICOM, ìyẹn bí ẹ̀rọ ṣe yà á gan-an. Kì í ṣe fọ́tò tí wọ́n fi fóònù yà lára kọ̀ǹpútà, tí wọ́n wá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ MicroDicom máa ń ṣí i lórí Windows láìgba kọ́bọ̀. Ẹ dúró kí wọ́n ṣí i lójú yín kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Sìídìì yẹn ló gbà wá sílẹ̀.

Ibi tí mo ti mọ̀ dájú pé ìwé ló ṣì, pé àwòrán kò ṣì, ni kí ẹ fara balẹ̀ bá mi dé. Bí ẹ bá ṣí àwòrán CT, ẹ kà á sí pé ibi ẹsẹ̀ aláìsàn tó fẹ̀yìn lélẹ̀ ni ẹ dúró sí, tí ẹ ń wo ọ̀nà orí rẹ̀. Ọ̀tún rẹ̀ á wá bọ́ sí apá òsì yín. Lẹ́tà R, ìyẹn “right”, ọ̀tún aláìsàn, máa ń wà létí àwòrán ní apá ibẹ̀; L ni ti òsì. Ṣùgbọ́n lẹ́tà yẹn nìkan kò tó gbára lé, torí ohun tí ẹni tó ń ya àwòrán bá tẹ̀ sínú ẹ̀rọ ni ẹ̀rọ máa kọ. Àwọn mìíràn máa ń ní kí aláìsàn dojú bolẹ̀ fún CT òkúta, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá òkúta há sẹ́nu àpò ìtọ̀ tàbí ó ti jábọ́ sínú rẹ̀. Tí aláìsàn bá dojú bolẹ̀, tí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ sì gbàgbé, tó fi í sílẹ̀ bíi pé ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ̀rọ á pe ọ̀tún ní òsì.

Nítorí náà ẹ wá ẹ̀dọ̀. Ẹ̀dọ̀ ló tóbi jù nínú ikùn lókè, ọ̀tún ló wà, kò sí bí èèyàn ṣe lè ṣì í mọ̀. Afẹ́fẹ́ dúdú inú àpò ìjẹun máa ń wà lódìkejì rẹ̀ lápá òsì. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wà lósì wà láyé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n gan-an, síkáànù ẹ̀gbọ́n mi sì ti sọ pé lọ́tùn-ún ni tirẹ̀ wà. Mo yí àwòrán náà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀dọ̀ wà lábẹ́ R. Mo tún ń yí i lọ sísàlẹ̀, kíndìnrín tó wú fara hàn ní apá ibẹ̀ náà, lẹ́yìn rẹ̀ ni òkúta fúnra rẹ̀, tó bíi hóró àgbàdo, tó funfun tó eegun ẹ̀yìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo gbé àmì ìwọ̀n lé e, ó lé ní 1000 HU, ìwọ̀n tí CT fi ń sọ bí nǹkan ṣe ki tó, ìyẹn ni pé òkúta líle ni. Kíndìnrín òsì kò ní nǹkan kan. Bó bá jẹ́ pé àwòrán ló yí ni, gbogbo rẹ̀ ni ìbá jọ yí pọ̀, ẹ̀dọ̀ àti òkúta ìbá jọ bọ́ sábẹ́ L. Wọn ò bọ́ síbẹ̀. Ẹni tó ń kọ èsì ló kọ òsì. Ó sì máa ń ṣẹlẹ̀, pàápàá níbi tí wọ́n ti ń gbé èsì aláìsàn àná sójú kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń kọ tòní lé e lórí.

Mo kó gbogbo èyí dé kàùńtà wọn, mo rò pé wákàtí kan á tó. Ẹni tó wà níbẹ̀ ní, “Ẹ má bínú, mà, ohun tí dókítà bá ti kọ, àwa kì í yí i.” Mo ní kí wọ́n pe dókítà tó kọ ọ́. Wọ́n ní kò sí ní Ìjẹ̀bú, pé Èkó ni wọ́n máa ń fi àwòrán ránṣẹ́ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kà á. Mo bèèrè nọ́ńbà rẹ̀, wọ́n ní wọn kì í fún aláìsàn. Mo ní kí àwọn fúnra wọn pè é, wọ́n ní ká padà wá. A padà wá, Nẹ́pà ti mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ kò gbé yàrá kọ̀ǹpútà. A tún padà wá, ẹni tí a bá sọ̀rọ̀ kò sí lẹ́nu iṣẹ́, ẹni tó wà níbẹ̀ kò sì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, àárín Ìjẹ̀bú-Òde sí Ṣàgámù kì í ṣe ìrìn ẹsẹ̀, owó mọ́tò kì í sì í ṣe omi.

Ọ̀gá wọn wá jáde, ó ní ká jẹ́ kí wọ́n tún un yà, pé àwọn á dín owó kù fún wa. Ohun tó bí mi nínú jù lọ nìyẹn. Àwòrán ti wà, àwòrán dára, ìwé ló ṣì. CT ikùn kan lè gbé ìtànṣán bíi 10 mSv (bí wọ́n ṣe ń wọn ìtànṣán tó wọ ara nìyẹn) sára èèyàn. X-ray àyà kan kì í sábà ju 0.1 mSv lọ. Ta ló ń fi ara arákùnrin aláìsàn san gbèsè àṣìṣe ẹni tó ń tẹ̀wé? Mo sọ fún un báyìí gẹ́lẹ́, kò dáhùn.

Ọmọkùnrin kan tún mú báírò, ó fẹ́ fa ilà sórí “left”, kó kọ “right” sókè rẹ̀, kó tẹ òǹtẹ̀ lé e. Mo gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe òun ló ka àwòrán náà. Ẹ̀dà tó wà nínú kọ̀ǹpútà wọn á ṣì máa jẹ́ òsì, ìwé tí wọ́n fi báírò tún ṣe kò sì ní láárí níwájú oníṣẹ́ abẹ. Nọ́ọ̀sì tíátà ni mí. Láti ọdún 2008 tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti gbé ìwé àyẹ̀wò iṣẹ́ abẹ jáde, kí abẹ tó kan ara ni wọ́n ní ká ti dárúkọ aláìsàn, ká dárúkọ iṣẹ́, ká dárúkọ ibi tí abẹ máa bọ́ sí, ká sì bèèrè bóyá àwòrán wà níwájú wa. Ìwé tó bá ní báírò lórí “left” á dá gbogbo wa dúró níbẹ̀.

Ohun tó ṣílẹ̀kùn ni pé mo dá àríyànjiyàn ẹnu dúró, mo kọ̀wé. Addendum ni mo béèrè fún, orúkọ yẹn gan-an ni kí ẹ dá, torí òun ni dókítà tó ń ka àwòrán mọ̀: àfikún èsì tí ẹni tó kọ èsì àkọ́kọ́ fọwọ́ sí. Mo kọ nọ́ńbà àyẹ̀wò tó wà lókè èsì, ọjọ́ tí wọ́n yà á, ìlà tí àṣìṣe wà, àti ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀. Mo fi ẹ̀dà fọ́ọ̀mù dókítà mọ́ ọn, ẹ̀dà síkáànù àtijọ́, ìwé kékeré tí oníṣẹ́ abẹ kọ, àti àwòrán méjì tí mo tẹ̀ jáde láti inú sìídìì: ọ̀kan tí ẹ̀dọ̀ àti R wà lójú kan náà, ọ̀kan tí òkúta wà. Ní ìsàlẹ̀, mo rán wọn létí pé ìwé ẹ̀tọ́ aláìsàn tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde lọ́dún 2018 sọ pé ẹ̀tọ́ aláìsàn ni àkọsílẹ̀ ìtọ́jú tó péye, kó sì dé ọwọ́ rẹ̀ lásìkò. Mo ní kí wọ́n fi ọwọ́ gbà á lórí ẹ̀dà tèmi, kí wọ́n kọ ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó gbà á. Ìgbà tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé tán ni nọ́ńbà dókítà Èkó wá di rírí.

Dókítà náà ṣí àwòrán, ó sì tún un ṣe lọ́jọ́ kan náà. Iṣẹ́ tí kò gbà á ju bíbu omi mu lọ. Inú mi dùn sí i, ó tún bí mi nínú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Bí àtúnṣe bá dé, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Wọn kò gbọ́dọ̀ pa èsì àkọ́kọ́ rẹ́. Àfikún ní láti sọ pé èsì tí a kọ ní ọjọ́ báyìí sọ pé òsì, pé ọ̀tún ni, kó ní ọjọ́ àti àkókò tirẹ̀, kó ní orúkọ àti ìfọwọ́sí dókítà. Ti àkọ́kọ́ tí wọ́n mú wá fún wa ti yí “left” sí “right” ní ìparí, ṣùgbọ́n òsì ṣì wà ní ìlà kíndìnrín lókè. Mo dá a padà lójú ẹsẹ̀.

Tó bá jẹ́ èmi ni mo tún ń lọ, kàùńtà wọn ni màá ti ka èsì láti òkè dé ìsàlẹ̀, fọ́ọ̀mù dókítà lọ́wọ́ kejì: orúkọ, ọjọ́ orí, ọkùnrin tàbí obìnrin, ọjọ́ àyẹ̀wò, ọ̀tún tàbí òsì. Kí n tó sanwó, màá ti bèèrè ẹni tó ń ka àwòrán wọn àti bí wọ́n ṣe ń rí i bá sọ̀rọ̀. Fíìmù náà, tí lẹ́tà orúkọ bá ń kà sẹ́yìn nígbà tí ẹ gbé e sí iná, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ẹ ń wò. Ẹ yí i padà kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni jiyàn.

Wọ́n ti yọ òkúta náà ní Ṣàgámù, lápá ọ̀tún. Ohun tó kù láàárín èmi àti ilé àyẹ̀wò yẹn ni owó fíìmù kejì tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wa nígbà tí wọ́n ní ti àkọ́kọ́ kò ní bá àtúnṣe mu. Mo ti kọ lẹ́tà mìíràn sí wọn lórí ìyẹn, mo fi ẹ̀dà rìsííìtì méjèèjì mọ́ ọn, wọ́n sì ti fọwọ́ gbà á.