Ìṣẹ́jú 50 Péré Nínú Àwọn Ṣọ́ọ̀ṣì Inú Àpáta

Inú mi kò tíì rọ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí. Owó odidi ọjọ́ kan ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin san fún afinimọ̀nà láti mú wa yí ká Kappadokia ní ilẹ̀ Tọ́kì, Kappadokia kan náà tí a ń kà nínú Ìṣe Àwọn Àpósítélì orí kejì, ṣùgbọ́n inú ilé ìtajà ni èyí tó dára jù nínú ọjọ́ náà ṣòfò sí.

Òwúrọ̀ lọ dáadáa. Ní Paşabağ, àfonífojì kan tí òpó òkúta gàgàrà kún inú rẹ̀, afinimọ̀nà wa ṣàlàyé pé eérú tí àwọn òkè oníná bí Erciyes tú jáde láyé ijọ́hun ló dì di òkúta rírọ̀, tí òjò àti atẹ́gùn sì ń jẹ ẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀, àyàfi ibi tí òkúta líle bá dé e lórí bí fìlà, ìdí nìyẹn tí àwọn òpó gàgàrà náà fi dúró bí olú inú oko. Mo ṣa ẹ̀là kan nílẹ̀, mo fi èékánná họ ọ́, ó sì kúnná sí mi lọ́wọ́ bí ẹfun. Ìgbà náà ni ó tó yé mi bí àwọn Kristẹni àtijọ́ ṣe gbẹ́ odidi ṣọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀.

Dípò kí a wá kọrí sí Göreme, níbi tí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì inú àpáta náà wà, ilé ìtajà kápẹ́ẹ̀tì kan ni wọ́n yà wá sí. Wọ́n gbé tíì wá nínú ife kéékèèké, wọ́n ní kí a jókòó ti ògiri, ọmọkùnrin méjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lé ara wọn títí òkìtì náà fi dé orúnkún mi. Mo bèèrè ìgbà tí a ó lọ, afinimọ̀nà ní ó ku ìṣẹ́jú 10. Mo jáde láti lọ dúró nínú ọkọ̀, awakọ̀ ti tì í pa, ó ti lọ jẹun. Ìṣẹ́jú 10 náà di wákàtí kan àti ààbọ̀, títí ẹ̀gbọ́n mi, tí kì í bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀, fi dìde tó sọ fún wọn pé ṣọ́ọ̀ṣì ni òun wá wò, òun kò wá ra ẹní.

Ìṣẹ́jú 50 ló kù fún wa ní Göreme, ibi tí UNESCO ti kà mọ́ ogún gbogbo ayé láti 1985. Wọ́n ti ní gbogbo owó ìwọlé wà nínú ohun tí a san, síbẹ̀ tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ ni Karanlık Kilise, Ṣọ́ọ̀ṣì Olókùnkùn, ń gbà. Mo san án, n kò sì kábàámọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, tó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún, gun àtẹ̀gùn tóóró ibẹ̀ láì di ẹnikẹ́ni mú, orí mi sì wú. Nítorí pé ìmọ́lẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè wọlé, àwọn àwòrán náà kò ṣá: àwọ̀ aró tó yí Kristi ká lókè orí wa ṣì jinlẹ̀ bí ẹni pé àná ni wọ́n kùn ún.

Tokalı Kilise, tó tóbi jù níbẹ̀, ló bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ìta ẹnu ọ̀nà ló wà, tíkẹ́ẹ̀tì tí a ti ní náà ni wọ́n sì fi ń wọ ọ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti ń fọn fèrè.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ ní kí wọ́n kọ iye ilé ìtajà tí wọn yóò yà sí àti iye àkókò tí ẹ ó lò ní Göreme sílẹ̀ fún yín. Ẹsẹ̀ lè gbé ènìyàn láti ìlú Göreme dé ibi àwọn ṣọ́ọ̀ṣì náà kí ìdajì wákàtí tó pé. Bí èmi yóò ṣe lọ wo Tokalı nìyẹn, n ó sì ti dúró síbẹ̀ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn.