Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ń tan oníkẹ̀kẹ́: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ní Třeboň

Bí ẹ bá wo máàpù agbègbè Třeboň, ní gúúsù orílẹ̀-èdè Czech, ẹ ò ní rí òkè kankan tó lè ba yín lẹ́rù. Igbó páìnì àti adágún ẹja ló kún ibẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún adágún, tí ọ̀nà olókùúta wẹ́wẹ́ sì gba àárín wọn lọ títí dé ìtòsí ààlà Austria. Àwọn tó ń gun gravel bike, ìyẹn kẹ̀kẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ká wálẹ̀ bíi ti onísáré àmọ́ tí táyà rẹ̀ fẹ̀, fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an. Àìsí òkè yẹn náà ló sì ń kó bá wọn. Ẹni tó ń lọ sí Alps á múra bí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́. Ẹni tó ń lọ sí Třeboň á múra bí ẹni tó ń lọ síbi àríyá, nígbà tó bá sì fi máa di ọ̀sán, ìdí ti bó.

Àṣìṣe tó bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù ni pé èèyàn á fojú kéré kìlómítà 80 torí pé ilẹ̀ tẹ́jú. Níbi tí òkè wà, bó ti wù kí gígùn rẹ̀ le tó, ìsọ̀kalẹ̀ ń bọ̀: kẹ̀kẹ́ á máa fúnra rẹ̀ yí, ẹsẹ̀ á sinmi, ìdí á kúrò lórí ìjókòó. Ní Třeboň, bí ẹsẹ̀ bá dáwọ́ dúró, kẹ̀kẹ́ náà á dúró. Ìdí á wà lójú kan fún wákàtí mẹ́ta, ọrùn ọwọ́ á máa gba ìgbọ̀n ọ̀nà olókùúta láìsinmi, títí ọmọ ìka á fi máa kú. Ẹ má dúró kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín. Ní gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, ẹ dìde dúró lórí pẹ́dálì fún ìgbà díẹ̀, ẹ sì yí ibi tí ọwọ́ yín wà padà. Ṣòkòtò oníkẹ̀kẹ́ tó ní tìmùtìmù ni kí ẹ wọ̀, láìwọ pátá sábẹ́ rẹ̀; ojúran pátá ló máa ń ha èèyàn lára. Ibẹ̀ kọ́ sì ni ibi tí wọ́n ti ń dán ìjókòó tuntun wò. Oúnjẹ náà ńkọ́? Torí pé kò sí òkè tó máa mú yín mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ lè gbàgbé láti jẹun títí okun á fi tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ nǹkan kékeré ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kódà bí ebi ò bá pa yín.

Lẹ́yìn ìyẹn ni táyà. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí táyà bá ṣe le tó ni kẹ̀kẹ́ á ṣe sáré tó. Lórí ọ̀dà, ó fẹ́ rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ yanrìn ló wà lábẹ́ igbó páìnì wọ̀nyí. Ní apá Suchdol nad Lužnicí, wọ́n tiẹ̀ ń wa yanrìn tà. Táyà tó le máa ń rì sínú yanrìn, ó sì máa ń ta lórí gbòǹgbò àwọn igi óákù àtijọ́ tí wọ́n gbìn sórí àwọn ìsédò. Bí ẹ bá wọn nǹkan bíi kílò 75, tí táyà yín sì fẹ̀ ní mìlímítà 40, gééjì 30 sí 35 tó. Ẹni tó ṣì ń lo tíúbù kò gbọdọ̀ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ríìmù má bàa gé e.

Nínú yanrìn fúnra rẹ̀, ohun tí ẹ̀rù ń mú èèyàn ṣe ló ń gbé e ṣubú: á tẹ búréèkì, á di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú pinpin, á sì tẹjú mọ́ táyà iwájú. Òdì kejì rẹ̀ ni kí ẹ ṣe. Ẹ yí jíà sí èyí tó fúyẹ́ kí ẹ tó wọ inú rẹ̀, ẹ sún ìdí sẹ́yìn, ẹ dẹ ọwọ́, ẹ máa wa ẹsẹ̀ lọ, kí ẹ sì wo iwájú réré. Bó bá jìn jù, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ tì í. Ta ló ń wò yín?

Ẹ má sì gbára lé fóònù jù. Fóònù á ní ọ̀nà àbùjá wà, ẹ̀yin á débẹ̀, ẹ á bá kòtò omi tí kò ní afárá. Omi ibẹ̀ kì í ṣe omi lásán: èèyàn ló gbẹ́ ẹ, èèyàn ló sì ń darí rẹ̀. Zlatá stoka, ipadò tí Štěpánek Netolický bójú tó gbígbẹ́ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́ńtúrì 16, gùn ju kìlómítà 40 lọ, òun ló sì ń pín omi fún àwọn adágún. Afárá kì í sí níbi tí èèyàn bá fẹ́ kó wà. Yàtọ̀ sí èyí, òfin igbó Czech kò gbà kí kẹ̀kẹ́ kúrò lójú ọ̀nà igbó tàbí ọ̀nà tí wọ́n ti sàmì sí. Pátákó aláwọ̀ ìyeyè tó ní nọ́ńbà ni kí ẹ máa tẹ̀ lé. Ní ilẹ̀ irà Červené blato, pákó ni wọ́n tẹ́ fún ẹlẹ́sẹ̀. Ẹ fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ níta.

Eégbọn wá ni kí n sọ̀rọ̀ lé lórí dáadáa, torí pé ara ajá la mọ̀ ọ́n mọ́ nílé, a kì í sì í kà á sí. Eégbọn igbó Czech lè gbé àrùn wíwú ọpọlọ wọ èèyàn lára, orílẹ̀-èdè yẹn sì wà lára àwọn tí àrùn náà ti pọ̀ jù ní Yúróòpù. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà, àmọ́ ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń gún un, oṣù sì máa ń wà láàárín wọn. Ẹni tó bá fẹ́ lọ ní June kò gbọdọ̀ dúró di May. Abẹ́rẹ́ náà kì í dènà àrùn Lyme, tí eégbọn kan náà ń gbé kiri. Gbogbo ìwé ló ń sọ pé kí èèyàn máa wo àmì pupa rogodo lára. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, pupa yẹn kì í hàn kedere, dókítà náà sì lè má tètè dá a mọ̀. Nítorí náà, bí ibà tàbí oríkèé ríro bá dé lẹ́yìn ìrìn náà, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ wọ igbó. Lálaalẹ́, ẹ yẹ abẹ́ orúnkún, abẹ́ ìdí àti abíyá wò. Bí ẹ bá rí i, ẹ fi ẹ̀mú kékeré dì í mú níbi tó ti wọ ara, kí ẹ fà á tààrà. Ẹ má da kẹrosíìnì sí i, ẹ má sì fi iná sun ún.

Omi adágún kì í ṣe mímu; ẹja ni wọ́n ń bọ́ nínú rẹ̀. Koruna ni wọ́n ń ná níbẹ̀, kì í ṣe yúrò, ilé oúnjẹ abúlé sì lè má gba káàdì.

Atẹ́gùn: adágún Rožmberk, tí Jakub Krčín kọ́ láàárín ọdún 1584 sí 1590, fẹ̀ tó nǹkan bíi hẹ́kítà 490, kò sì sí ohun tó ń dí atẹ́gùn lórí omi tó tó bẹ́ẹ̀. Ní òwúrọ̀, nígbà tí agbára ṣì wà, ni kí ẹ kọjú sí i, kó lè máa tì yín bọ̀ nírọ̀lẹ́.

Ìgbà tí ẹ máa lọ ló kù. Àwọn kan máa ń yan October nítorí ewé tó ń pọ́n, wọ́n á sì bá ẹrẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń retí omi. Ìgbà yẹn ni wọ́n ń fa adágún gbẹ láti kó ẹja carp, èrò á sì kún orí ìsédò Rožmberk débi pé kẹ̀kẹ́ ò ní rọ́nà. Bó bá jẹ́ ìkẹ́ja lẹ fẹ́ wò, ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ. Bó bá jẹ́ kẹ̀kẹ́, èmi fara mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ September: ẹ̀fọn ti dín kù, ọ̀pọ̀ adágún ṣì kún, àwọn ọmọléèwé sì ti wọlé.