Ọkọ̀ dísù tí kò fà mọ́: ẹ yẹ fíltà wò kí ẹ tó ra nọ́sùlù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Hilux dísù ọdún 2010 ni mo fi ń kó ọjà láti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀. Lójú títì tó tẹ́jú kò sí wàhálà, àmọ́ bó bá ti kan òkè, àgàgà bí ẹrù bá wà lẹ́yìn, ẹ́ńjìnnì á rọ̀, iná á tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, kò sì ní fà mọ́. Bí mo bá pa á tí mo tún un tan, á ṣe dáadáa fúngbà díẹ̀. Mẹkáníìkì mi ní nọ́sùlù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ti bàjẹ́. Owó tó pè ga jù. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì sanwó. Nọ́sùlù ló ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, àmọ́ kì í ṣe òun ni ẹ ó kọ́kọ́ fura sí. Gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yìí, ọkọ̀ tí ebi epo ń pa ni mo rí nínú rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń lọ jẹ́jẹ́, epo díẹ̀ tó ń gba inú fíltà kọjá tó o. Bó bá dórí òkè, ó fẹ́ epo púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, fíltà tó ti dí kò sì ní jẹ́ kó rí i. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á mọ̀ pé epo ò dé bó ṣe yẹ, á dín agbára ẹ́ńjìnnì kù, á sì tan iná. Tí ẹ bá pa á tí ẹ tún un tan, kọ̀ǹpútà á gbàgbé ẹ̀sùn náà títí ẹ ó fi tún kan òkè mìíràn.

Omi inú fíltà ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Omi òjò máa ń wọ táńkì abẹ́ ilẹ̀ ilé epo, kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi ń ru dísù kì í gbẹ tán, táńkì ọkọ̀ tí kò kún sì máa ń làágùn nínú lóru. Omi wúwo ju dísù lọ, nítorí náà ìdí fíltà ló máa ń sùn sí. Lára Hilux yẹn, inú bọ́nẹ́ẹ̀tì ni fíltà wà. Pọ́ńpù ọwọ́ wà lórí rẹ̀, ìdérí kékeré tí wọ́n fi ń tú omi sì wà ní ìdí rẹ̀. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ gbé ike tí èèyàn lè rí inú rẹ̀ sábẹ́, ẹ tú ìdérí náà díẹ̀, kí ẹ wá máa fọwọ́ tẹ pọ́ńpù. Ẹ jẹ́ kí ohun tó jáde silẹ̀ fúngbà díẹ̀. Bí omi bá wà níbẹ̀, á pín sí méjì lójú yín: dísù lókè, omi nísàlẹ̀, nígbà mìíràn ìdọ̀tí dúdú á dúró láàárín wọn. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ títí tó fi jẹ́ dísù nìkan ló ń jáde, kí ẹ tó dé e padà.

Lẹ́yìn náà, ẹ pààrọ̀ fíltà náà. Ìwé tó bá ọkọ̀ wá lè sọ pé ó ṣì lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n dísù tó mọ́ ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀. Pẹ̀lú irú epo tí à ń rà, kìlómítà 10,000 ni mo máa ń fún un, ìyẹn náà sì tó. Ojúlówó ni kí ẹ rà. Fíltà tó dí á kàn dá yín dúró lójú ọ̀nà ni, àmọ́ ayédèrú tó ń jẹ́ kí ìdọ̀tí kọjá á jẹ pọ́ńpù àti nọ́sùlù run.

Bó bá ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ wo fíltà afẹ́fẹ́, kí ẹ sì tọ rọ́bà tó ti ara tọ́bò (ẹ̀rọ tó ń fún afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì) wọ ẹ́ńjìnnì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Rọ́bà tó ti la máa ń dún fìì bí ẹ bá tẹ epo, ọ́ìlì á sì ti rin ojú ibi tó là. Ìgbà tí gbogbo ìyẹn bá dára ni ọ̀rọ̀ tó lè kan nọ́sùlù, kí wọ́n sì dán an wò níṣojú yín. Wọ́n á yọ rọ́bà tín-ín-rín tó ń dá epo padà láti orí nọ́sùlù kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ti ìkọ̀ọ̀kan bọ igò tirẹ̀, wọ́n á sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí igò mẹ́ta bá ṣe déédéé tí ìkẹrin kún jù wọ́n lọ, ẹyọ kan ló ń jò. Kí ló dé tí ẹ ó fi ra mẹ́rin?

Mo bẹ yín, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ wá ibi tí páìpù onírin tó lọ sí nọ́sùlù ti ń jò nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Agbára epo inú rẹ̀ ń kọjá 1,000 bar, nígbà tí táyà ọkọ̀ kéékèèké kì í sábà ju bíi bar 2.5 lọ. Ó ń gún awọ ara wọlé, ọsibítù sì ni olúwarẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà lọ lójú ẹsẹ̀, bí ojú ọgbẹ́ náà ò tilẹ̀ ju orí abẹ́rẹ́ lọ.

Ìbéèrè: Láàárọ̀, pàápàá lásìkò ọyẹ́, ọkọ̀ mi máa ń pẹ́ kó tó tan, èéfín funfun á sì máa tú jáde. Bó bá gbóná tán, ó parí.

Ìdáhùn: Ẹ́ńjìnnì dísù kò ní pulọ́ọ̀gì tó ń ṣáná. Afẹ́fẹ́ tó fún pọ̀ títí tó fi gbóná ló ń dáná sí epo. Bí ilẹ̀ bá tutù, hítà pulọ́ọ̀gì ló ń ràn án lọ́wọ́. Ọ̀kan tàbí méjì lára tiyín ti kú, tàbí kó jẹ́ pé iná ò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ ní kí wọ́n fi mítà yẹ wọ́n wò. Ẹ yẹ bátìrì náà wò, torí bí kò bá yí ẹ́ńjìnnì kíákíá, afẹ́fẹ́ ò ní gbóná tó.

Bí èéfín funfun bá ń jáde síbẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ti gbóná, tí omi rédíétọ̀ sì ń dín kù, ẹ fura sí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun tó dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀. Èéfín tó rí bí aró túmọ̀ sí pé ọ́ìlì ń jó. Bó bá dúdú, epo ti ju afẹ́fẹ́ lọ, ẹ padà sọ́dọ̀ fíltà afẹ́fẹ́ àti rọ́bà tọ́bò.

Ìbéèrè: Mo pààrọ̀ ọ́ìlì lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ti dúdú. Ṣé wọ́n rẹ́ mi jẹ ni?

Ìdáhùn: Rárá. Èéfín inú ẹ́ńjìnnì dísù ló ń pa á láró, iṣẹ́ ọ́ìlì náà sì ni láti gbé e mọ́ra. Ẹ ṣáà rí i pé ọ́ìlì tó wà fún dísù ni, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ ní kìlómítà 5,000.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ilé epo da bẹntiróòlù sínú ọkọ̀ dísù mi. Mi ò tíì tan án. Ṣé kí n fi dísù kún un kó lè pò mọ́ra?

Ìdáhùn: Àbúrò, má tan án, má tilẹ̀ yí kọ́kọ́rọ́ rárá, torí nínú ọkọ̀ mìíràn, pọ́ńpù inú táńkì á ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Dísù ló ń pọ́ńpù ní ọ̀rá, bẹntiróòlù á fọ ọ̀rá yẹn dànù, irin á sì máa ha irin. Jẹ́ kí wọ́n fa ọkọ̀ náà kúrò níbẹ̀, kí wọ́n fa epo inú táńkì gbẹ tán, kí wọ́n tó rọ dísù tuntun sí i. Bí o kò ṣe tíì tan án yìí, owó epo àti owó iṣẹ́ nìkan ni ìyà rẹ. Kẹrosíìnì tí àwọn kan ń fi lu dísù ń ṣe irú jàǹbá yìí díẹ̀díẹ̀, nítorí náà má ra dísù tó pọ́ọ́kú jù lọ́wọ́ ẹni tó ò mọ̀.

Ìbéèrè: Peckham ni mo ń gbé, ní London. Iná DPF, ìyẹn fíltà èéfín, tàn nínú ọkọ̀ dísù mi. Ilé ìwé àwọn ọmọ àti ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni mo ń gbé e lọ. Ẹnìkan ní kí n yọ ọ́ dànù.

Ìdáhùn: Ẹ má yọ ọ́. Láti oṣù kejì ọdún 2014, ọkọ̀ tí wọ́n ti yọ DPF rẹ̀ kò lè yege MOT, ìyẹn àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìrìn kúkúrú ló fa iná yẹn. Ẹ̀rọ náà ń kó èéfín dúdú jọ, ó sì gbọ́dọ̀ gbóná tó bíi 600°C kó tó lè jó o dànù. Láàárín Peckham sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò lè gbóná débẹ̀. Bó bá jẹ́ iná yẹn nìkan ló tàn, ẹ rọ epo kọjá ìdá kan nínú mẹ́rin táńkì, kí ẹ gbé ọkọ̀ sójú ọ̀nà gbọọrọ, kí ẹ sì fi eré tó ju 40 mph lọ sá a fún bíi ogún ìṣẹ́jú. Bí iná ẹ́ńjìnnì bá bá a tàn, tàbí tí ọkọ̀ kò fà mọ́, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì wò pẹ̀lú: bí ọ́ìlì bá ti ga ju àmì lọ tó sì ń rùn bíi dísù, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó rìn jìnnà.

Ìbéèrè: T-BELT tàn nínú Hilux D-4D tokunbo tí mo rà. Mẹkáníìkì ní òun lè pa iná náà fún mi.

Ìdáhùn: Iná ló máa kú, bẹ́líìtì ò ní dọ̀tun. Ó ń tàn ní kìlómítà 150,000 láti sọ pé kí ẹ pààrọ̀ bẹ́líìtì táímìn, èyí tó ń mú kí fáàfù àti písítìn máa rìn pọ̀ lásìkò. Bó bá já lórí eré, fáàfù àti písítìn á kọlu ara wọn, ẹ ó sì wá ẹ́ńjìnnì mìíràn. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú téńsọ́nà tó ń fà á le ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ sì kọ kìlómítà ọjọ́ náà sára ìdérí rẹ̀, torí ẹni tó tà á lè ti fọwọ́ kan mítà.