Bẹ́ ẹ ṣe máa yẹ ewé imí eṣú wò ní lábù, bóyá ó ń pa bakitéríà lóòótọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ fi imí eṣú ṣe pírójẹ́ẹ̀tì, ewé yìí ò wọ́n rárá, ó wà lẹ́yìnkùlé, ó wà létí oko, irun wẹ́wẹ́ wà lára ẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì fọwọ́ ra á ó máa ń rùn bí òbúkọ. Àwọn àgbà wa ti ń fún omi ẹ̀ sójú egbò tipẹ́.

Kẹ́ ẹ tó já a lọ́pọ̀, ẹ mú ẹ̀ka kan tòun ti òdòdó ẹ̀ lọ sí hàbéríọ́ọ̀mù, ibi tí wọ́n ń kó ewé gbígbẹ pa mọ́ láti fi dá irúgbìn mọ̀, bíi ti FRIN, iléeṣẹ́ ìwádìí igbó n'Íbàdàn, kí wọ́n bá yín dá a mọ̀ pé Ageratum conyzoides ni, kí wọ́n sì fún un ní nọ́ńbà.

Abẹ́ òjìji ni kẹ́ ẹ sá a sí o, torí oòrùn máa ń gbé òróró inú ẹ̀ lọ. Nígbà òjò lèmi sá tèmi, mo kó o jọ gègèrè, lọ́jọ́ kẹrin tí mo tú u wò, ó ti bu funfun nísàlẹ̀, gbogbo ẹ̀ ni mo dà nù. Ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kẹ́ ẹ máa yí i lójoojúmọ́ títí á fi máa rún lọ́wọ́ yín. Ẹ lọ̀ ọ́, ẹ rẹ gíráàmù 100 sínú ẹtanọ́ọ̀lù mìlílítà 500 fọ́jọ́ mẹ́ta, ẹ máa mì ín, ẹ wá sẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ fi water bath (ẹ̀rọ tó ń fi omi gbígbóná mú nǹkan gbóná) 40°C gbẹ ẹ́, ẹ má gbé e sórí iná láéláé, ẹtanọ́ọ̀lù á gbiná.

Ohun tó gbẹ yẹn loògùn yín, ẹ wá yẹ èròjà inú ẹ̀ wò. Sapónìn, èròjà tó ń hó bí ọṣẹ, rọrùn: ẹ po oògùn yẹn mọ́ omi, ẹ mì ín dáadáa nínú test tube, tí fóòmù bá dúró tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó wà níbẹ̀. Ferric chloride á sọ ọ́ di dúdú tó bá ní tánínì, èròjà tó ń mú ẹnu kan. Tẹ́ ẹ bá kán Dragendorff, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń dá alkaloid mọ̀, sí i, tó sì pọ́n bí ọsàn, alkaloid nìyẹn, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ tẹ́tí sí, torí imí eṣú ní pyrrolizidine alkaloid tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ní Tigray, lórílẹ̀-èdè Etiópíà, ó hù láàárín ọkà, àwọn èèyàn jẹ ẹ́ mọ́ oúnjẹ, ẹ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn bàjẹ́. Torí náà kò sí bó ṣe lè pa bakitéríà tó nínú páréètì, ìyẹn abọ́ pẹlẹbẹ tí wọ́n ń hu bakitéríà sí, ẹ má sọ fẹ́nikẹ́ni pé kó lọ máa mu ún.

Ó ku iṣẹ́ inú páréètì, tá a fi máa mọ̀ bóyá ó ń pa bakitéríà. Ẹ tẹ́ bakitéríà Staphylococcus aureus sórí Mueller-Hinton agar, oúnjẹ bakitéríà tó dì bíi jẹ́lì, ẹ tẹ́ bakitéríà E. coli sórí òmíràn, ẹ lu ihò mìlímítà 6 sínú agar náà, ẹ po oògùn yín pẹ̀lú DMSO, omi kẹ́míkà tó ń yọ́ oògùn, kẹ́ ẹ rọ ọ́ sí i. Ihò kan gbọ́dọ̀ jẹ́ DMSO nìkan, òmíràn gentamicin, oògùn apabakitéríà tẹ́ ẹ máa fi ṣe àfiwé, ọ̀pọ̀ ló ń fo ti DMSO yìí, tí wọ́n á wá máa yin ewé lórí iṣẹ́ tó lè jẹ́ pé DMSO ló ṣe é. Wákàtí 18 sí 24 ní 37°C, ẹ wá fi rúlà wọn ibi tó mọ́ roboto yí ihò ká. Tí ti E. coli bá kéré, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, awọ tó bò ó lóde ló máa ń dí oògùn lọ́nà. Tẹ́ ẹ bá wọ̀n ọ́n tán, ẹ kó páréètì sínú autoclave, ẹ̀rọ tó ń fi ooru gbígbóná pa kòkòrò, 121°C fún ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ tó kó o dànù.