Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń ra wáìnì tí ó ń hó ní Àgbádárìgì

Ẹ má ṣe pe gbogbo wáìnì tí ó ń hó ní ṣanpéènì, nítorí ibẹ̀ ni owó ti ń bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ aláríyá ní Àgbádárìgì. Agbègbè Champagne ní ilẹ̀ Faransé nìkan ni ojúlówó ti ń wá. Inú ìgò gan-an ni ọtí náà ti máa ń hó lẹ́ẹ̀kejì, òfin wọn sì ni pé kò gbọdọ̀ dé ọjà kí ó tó lo oṣù 15 nínú àjà ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí wọ́n kọ ọdún ìkórè sí lára gbọ́dọ̀ lo ọdún 3. Gbogbo àsìkò yìí ni owó ẹni tí ó pọn ọ́n fi wà nílẹ̀ láìpa èrè. Ìgò rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ nípọn, nítorí agbára afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ju ìlọ́po méjì ti táyà mọ́tò lọ. Ní 2021, òtútù yìnyín àti èbu dín ìkórè ibẹ̀ kù gan-an.

Ẹ má sì yára bú ìyá tí ó ń tà á pé ó ń jẹ èrè àjẹjù. Láti oṣù kẹfà 2023 tí ìjọba ti fi iye náírà sílẹ̀ fún ọjà láti pinnu ni yúrò ti wọ́n. Ẹni tí ó ń gba ẹnubodè Seme kó ọjà wọlé kò bọ́ níbẹ̀, nítorí wọ́n so sẹ́fà tí wọ́n ń ná ní Kútọnù mọ́ yúrò.

Cava ti ilẹ̀ Sípéènì àti Crémant ti Faransé ń hó nínú ìgò bákan náà, ṣùgbọ́n oṣù 9 tó fún Cava, oṣù 12 sì tó fún Crémant. Inú táǹkì ńlá ni Prosecco ti Ítálì sábà máa ń hó sí, ìyẹn ló jẹ́ kí owó rẹ̀ rọjú. Ẹni tí yóò da omi ọsàn lu ọtí kò ní ohun tí ó ń fi ṣanpéènì ṣe, lójú tèmi.

Ohun tí ó ń tan àwọn ènìyàn jù ni àkọlé ara ìgò. “Extra Dry” dùn ju “Brut” lọ: ṣúgà Brut kì í ju gíráàmù 12 lọ nínú lítà kan, ti Extra Dry lè tó 17, ti Demi-Sec sì wà láàárín 32 sí 50. Brut ni ó bá ẹja díndín mu, torí kíkan rẹ̀ ń gé òróró lẹ́nu. Demi-Sec ni kí ẹ rà fún àwọn àgbà tí wọ́n fẹ́ràn ohun dídùn.

Ẹ má ra èyí tí oòrùn ń pa níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ má gbàgbé rẹ̀ sínú firísà, kí ìgò má baà bẹ́; korobá yìnyín tí ẹ bu omi sí yóò mú un tutù láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí ẹ bá fẹ́ ṣí i, ẹ di kọ́ọ̀kì mú ṣinṣin, ẹ dorí ìgò kọ ibi tí kò sí ènìyàn, kí ẹ sì máa yí ìgò náà díẹ̀díẹ̀.